Sáìtì Tó Sáré Túfọ̀

"Má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́ pé mo wà níbí o, Dómí. Tí ara mi bá ti yá, èmi fúnra mi á lọ sọ fún wọn."

Ohun tí Veronica sọ kẹ́yìn fún Dominic, àbúrò rẹ̀, nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ ọ́, ní Ọ̀wọ̀, láàárọ̀ Ọjọ́rú kan. Omi ń kán sí i lápá. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, wọ́n ní kíndìnrín ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí àbúrò òun máa lọ kí òjò má baà ká a mọ́ ọ̀nà.

Dominic ní ó dáa. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ó yíjú sí Ṣèyíọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣèyí, o ò ní kúrò níbí o?"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Àǹtí wa ni. Máa lọ jàre."

Ó lọ.

Ìdí wà tí Veronica fi ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún bàbá wọn. Uso ni bàbá ń gbé, àgbẹ̀ oníṣu ni. Akínyẹlé lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan dúró lójú títì, ó lọgun ikú àbúrò rẹ̀ fún un láti orí ọ̀kadà. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ṣubú síbi tó dúró sí. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan mọ́. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ó tún gbọ́ irú ẹ̀ lójijì. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kejì lè mú un lọ.

Veronica ló tọ́ Dominic dàgbà. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọkùnrin náà kò tíì lè dá ṣòkòtò wọ̀. Akọ̀wé ni Veronica ní ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà tí kì í pa Máàsì jẹ. Ọkọ tó fẹ́ ti bá tirẹ̀ lọ sí Àbújá, kò bímọ fún un. Àbúrò rẹ̀ ló ṣe lọ́mọ. Ó fi owó oṣù rẹ̀ rán an lọ sí girama. Kíláàsì kẹta ni Dominic ti jáwọ́. Ìwé ò wọ orí rẹ̀, ó sì ń tì í lójú pé kò wọ̀ ọ́. Ó lọ ń mọ búlọ́ọ̀kù. Veronica ò bá a jà. Ó kàn ń sọ pé, "Orí tí ò gba ìwé, ó lè gba nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ṣèyíọlá ló mú un kúrò nídìí búlọ́ọ̀kù. Àkókó ni àwọn òbí Ṣèyíọlá ti wá. Bàbá rẹ̀ wá ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀, kò sì padà sílé mọ́. Ọmọ náà ti lọ sí poli, ó ti jáde, kò ríṣẹ́. Ó yá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ń bá èèyàn tẹ ìwé, ó ń tẹ pósítà ìsìnkú. Dominic lọ ya páásípọ́ọ̀tù níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá a tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ibi tí owó wà ni mò ń wò."

"Nínú kọ̀ǹpútà?"

"Ibo lo rò pé ó wà? Nínú sìmẹ́ǹtì?"

Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣèyíọlá wá ṣàlàyé fún un. Ó ní sáìtì dà bí ilé tí èèyàn kọ́ sẹ́bàá títì. Tí èrò bá ń kọjá dáadáa, àwọn onípolówó á wá yá ògiri rẹ̀, wọ́n á lẹ ìpolówó mọ́ ọn. Èrò ló ṣe kókó. Ilé tí kò sí lọ́nà, ta ni yóò lẹ nǹkan mọ́ ọn?

Wọ́n kọ́ ilé tiwọn. Veronica ló san owó àkọ́kọ́. Wọ́n ń kó ìròyìn bọ́ọ̀lù síbẹ̀, wọ́n ń kó ìròyìn iṣẹ́ tí ìjọba ń gba èèyàn sí. Orí sáìtì ẹlòmíì ni wọ́n ti ń kó o. Oṣù gorí oṣù. Adìyẹ ò tilẹ̀ yà wò wọ́n. Dominic bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ọjà tí gbogbo ayé ń tà, kò sẹ́ni tó máa wọ kọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá rà á. Síbẹ̀, àwọn onípolówó gbà láti lẹ ìpolówó díẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Dominic ni wọ́n fi gbà á, nítorí Ṣèyíọlá ní báǹkì òun ní wàhálà.

Ibẹ̀ ni Dominic ti ṣe ohun tó jẹ́ pé ọmọ ilé ire ló lè ṣe é.

Ó lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lẹ́yìn Máàsì, ó dìde, ó tọrọ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ní sáìtì kan. Tí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ máa rí ìpolówó. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe àáró lóko ni wọ́n gbà á. Wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tẹ ìpolówó. Ìyálẹ́gbẹ́ kan yá fóònù ọmọ rẹ̀ kí òun náà lè tẹ tirẹ̀. Veronica pín in fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn onípolówó ti kọ̀wé, wọ́n ti fòfin dè é pátápátá. Ṣèyíọlá ka lẹ́tà náà, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní òjóró wà níbẹ̀. Wọ́n ní olè ni."

"Olè báwo? Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́! Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Wọn ò fẹ́ kí o bẹ èèyàn. Ẹni tó bá wù ú ni kó tẹ̀ ẹ́."

"Ta ni nǹkan ń wù láìbẹ̀ ẹ́?"

Orúkọ Dominic bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí láé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà wá. Nígbà tí wọ́n máa dá sáìtì mìíràn sílẹ̀, orúkọ Ṣèyíọlá ni wọ́n fi dá a. Dominic ò kà á sí. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, nínú ilé ìdáná Veronica.

Sáìtì kejì yìí ló rówó. Dominic ló sì ní ìmọ̀ràn rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé. Ọ̀rẹ́ Veronica kan ló pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń bèèrè bóyá lóòótọ́ ni ìyá àgbà kan ní àdúgbò wọn ti kú, àti ìgbà tí wọ́n máa sin ín. Ó ní òun ti pe èèyàn méje, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tán. Dominic gbọ́ ọ. Ó rò ó. Ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ̀ lẹ́yìn odi. Gbogbo wọn ló fẹ́ mọ ẹni tó kú nílé, ọjọ́ ìsìnkú, àti ibi tí àwọn máa fowó ránṣẹ́ sí. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè kà á.

Wọ́n pe sáìtì náà ní Ìròyìn Ọ̀ghọ̀, bí àwọn ará ilé ṣe ń pe ìlú náà lẹ́nu ara wọn. Dominic á gun ọ̀kadà lọ bá mọ̀lẹ́bí òkú. Á gba ohùn wọn sínú fóònù. Á ya fọ́tò. Ṣèyíọlá á kọ ọ́ kalẹ̀. Láàárín ọdún kan, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì. Owó wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Dominic ní, kò sì jẹ́ kí wọ́n rú u. Wọn ò gbọdọ̀ gbé òkú kankan jáde kí àgbà ilé tó ní kí wọ́n gbé e.

Nílẹ̀ wa, ikú ní ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ẹnì kan kì í nìkan gbé e. Àgbà méjì ní ń gbé e lọ. Wọ́n á jókòó. Wọ́n á tọrọ omi. Wọ́n á bèèrè oko, wọ́n á bèèrè òjò. Nígbà tí ara ẹni náà bá ti balẹ̀, tí àwọn náà ti sún mọ́ ọn tó láti dì í mú, wọ́n á wá sọ ọ́. Nítorí náà ni àwọn ìdílé fi fọkàn tán Dominic. Ó lè jókòó sí iwájú ilé títí oòrùn á fi wọ̀, kó máa retí kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá òkú. Veronica gan-an, kí wọ́n tó gbé ìròyìn kankan, á kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀?"

Ṣèyíọlá ò fẹ́ràn òfin yìí. Ọjọ́ kan wà tí olóyè kan kú, tí sáìtì mìíràn sì ti gbé e kí tiwọn tó gbé e. Inú bí i.

"Dómí, ìròyìn ò yàtọ̀ sí àkàrà. Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Òkú ò ní sá lọ."

"Èrò máa sá lọ! Ìwọ ń jókòó ti ìyá arúgbó, àwọn kan ń kówó lọ."

"Kí wọ́n máa kó o."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, tàbí Dominic rò pé ó parí.

Lọ́jọ́rú tí à ń sọ yìí, Arimogija, lẹ́yìn Ifọn, ni Dominic lọ. Àgbẹ̀ kòkó kan tó ti dàgbà ló kú níbẹ̀. Ìdílé ti dúró kí ọmọ rẹ̀ àgbà dé láti ìrìn àjò. Ó ti dé, wọ́n ti sọ fún un, wọ́n ní kí Dominic máa bọ̀. Kò fẹ́ lọ. Veronica ló ní kó lọ. Ó ní ẹni tó bá dá ọjọ́ fún ọlọ́fọ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó gba ohùn wọn, wọ́n fún un níṣu sísè, ó jẹ ẹ́, ó gbéra. Ìgbà tó fi máa dé Ifọn ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Ó yà sẹ́bàá títì. Wasáàpù lóríṣiríṣi. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." "Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí." Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣì í ni, pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ń sọ.

Ìpè wọlé. Tàjúdéènì ni, ẹni tí wọ́n jọ mọ búlọ́ọ̀kù rí.

"Dominic, ohun tí mo rí lórí sáìtì yín yìí, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Kí lo rí?"

"Ibo lo wà?"

"Ifọn. Kí lo rí?"

"Máa bọ̀ nílé. Rọra máa gùn ún o. Ṣé o gbọ́? Rọra."

Dominic mọ ohùn yẹn. Ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn wálé ni. Ó ṣí sáìtì fúnra rẹ̀.

Fọ́tò Veronica ló kọ́kọ́ rí. Òun ló ya fọ́tò náà, lọ́jọ́ Àjíǹde, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Veronica wọ léèsì aláwọ̀ sánmà, ó ń fi ọwọ́ bo oòrùn lójú. Ó ti fi í ránṣẹ́ sí Ṣèyíọlá kó bá wọn fi férémù sí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Veronica Akínyẹlé, ti dágbére fáyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ìpolówó bàtà tẹ̀ lé e. Lábẹ́ bàtà ni wọ́n ti wá kọ ọ́ pé ó gbẹ̀yìn fi bàbá rẹ̀, Pa Akínyẹlé ti Uso, sílẹ̀.

Ó pe Ṣèyíọlá.

"Dómí…"

"Ṣé ó ti kú?"

"Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Dókítà…"

"Mo ní ṣé ó ti kú?"

"Ó ti kú."

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá. Dominic dúró kí ariwo rẹ̀ kọjá lọ.

"O sì kọ́kọ́ lọ sọ fún ayé."

"Mo pè ọ́ tì. Fóònù rẹ ò lọ."

"Pa á rẹ́. Bàbá wà ní Uso. Wọn ò mọ̀ pé ó ṣàìsàn rárá. Pa á rẹ́ nísinsìnyí."

"Máa bọ̀ ná. Tí o bá dé, a ó jọ sọ ọ́."

Ṣèyíọlá pa fóònù mọ́ ọn létí.

Láti Ifọn wá sí Ọ̀wọ̀, Dominic ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: kí òun ṣáájú fóònù dé Uso. Ó dé Ọ̀wọ̀. Ó rí géètì ọsibítù. Veronica wà nínú ibẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Ọwọ́ Dominic fẹ́ yà. Kò yà. Ó kọjá.

Uso dákẹ́ nígbà tó dé. Ó rí bàbá rẹ̀ láti òkèèrè, lábẹ́ ìbòjì àká iṣu ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó ń so iṣu tuntun mọ́ igi pẹ̀lú ọwọ́ kan àti eyín. Ó ń kọ orin ìjọ sábẹ́ ahọ́n. Ara Dominic balẹ̀ díẹ̀. Wọn ò tíì gbọ́.

Ọmọ kì í sọ òkú ọmọ fún bàbá rẹ̀. Dominic ò yà sílé. Ó wọ ilé Bàbá Jìbírílù, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó wà ní òdìkejì títì. Bàbá arúgbó náà wo ojú rẹ̀. Ó gbé tẹ̀súbà rẹ̀ sílẹ̀.

"Veronica ni?"

Dominic mi orí.

"Ìnnà lílláhì." Ó dìde, ó jókòó padà. "Èmi nìkan ò lè lọ. Jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe katikíìsì yín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sáyè. Ó ti wà lórí fóònù."

"Lórí fóònù kẹ̀? Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Bàbá Jìbírílù ránṣẹ́. Wọ́n dúró. Bàbá arúgbó náà wá fìlà rẹ̀, kò rí i, kó tó wá rí i. Katikíìsì wà lóko, ó ń bọ̀. Orúkọ katikíìsì ni Ọlámúyìwá, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀. Àárín ìgbà tí wọ́n ń dúró, Bàbá Akínyẹlé gbójú sókè láti ìdí iṣu rẹ̀, ó rí ọ̀kadà ọmọ rẹ̀.

"Dominic! Ilé Ìmàle lo wá báyìí, ilé tèmi ò wù ọ́ mọ́?"

"Mo ń bọ̀, Bàbá!"

"Bi ẹ̀gbọ́n ẹ léèrè bóyá ó ti jẹ iṣu tí mo fi ránṣẹ́ tán! Kò pè mí láti ọjọ́ yìí!"

Dominic yíjú sí ògiri.

Katikíìsì dé. Àwọn àgbà méjèèjì sọdá, Dominic ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kí Bàbá Akínyẹlé. Ó kí wọn, ó ń wò wọ́n. Wọ́n jókòó. Katikíìsì ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bàbá ní kí Dominic bù wọ́n lómi wá. Bàbá Jìbírílù bèèrè iṣu. Ó ní iṣu ọdún yìí dáa. Bàbá Akínyẹlé ní ó dáa, bí kì í bá ṣe ti àwọn màlúù tó ń wọko.

Dominic ń bọ̀ láti inú ilé pẹ̀lú igbá omi nígbà tí fóònù bàbá rẹ̀ dún. Fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ni. Etí Bàbá ti wúwo, nítorí náà, ohùn gbangba ló máa ń fi gbọ́ ọ. Dominic sáré. Omi dà sí i lára.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á."

"Ṣé n kò lọ́wọ́ ni?" Ó ti tẹ̀ ẹ́. "Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn?"

"Bàbá, Olúyọmí ni o! Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó!" Gbogbo ìta gbọ́ ọ. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Bàbá. Há! Veronica! Ẹ ṣọkàn gírí, Bàbá. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Bàbá Jìbírílù gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá Akínyẹlé wò ó. Ó wo katikíìsì. Ó wo igbá omi.

"Jìbírílù. Ara ta ló fẹ́ra kù?"

Katikíìsì dìde, ó sún mọ́ ọn.

"Omi lẹ wá mu lọ́dọ̀ mi?"

Wọ́n dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò ṣubú, nítorí pé ó wà lórí àpótí, àti pé wọ́n sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀. Orí àpótí náà ló padà jókòó sí, ẹnu rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"O mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O ò sọ fún mi."

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní àyà yín…"

"Olúyọmí mọ̀ ní Èkó. Èmi tí mo bí i, mò ń so iṣu."

Wọ́n gbé e wọlé.

Wọ́n sin Veronica sí Ọ̀wọ̀. Bàbá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ dé ibojì, nítorí náà, ó wà ní Uso, ó dùbúlẹ̀, wọ́n ti gbé dókítà wá. Dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n kò ní dá rìn mọ́. Dominic ló ju iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó wá sí Uso láti máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pe orúkọ rẹ̀. Tó bá fẹ́ nǹkan, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn."

Ṣèyíọlá wá kí wọn. Ó gbé búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì alágolo dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tó wà níta. Dominic mú un lọ sẹ́yìn ilé.

"Dómí, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ."

"Ó ṣì wà lórí sáìtì."

"Gbọ́ mi ná. Tí n kò bá gbé e, ẹlòmíì á gbé e, á sì kọ ọ́ játijàti. Èmi kọ ọ́ dáadáa. Mo fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́."

"O fi bàtà sí i."

"Bàtà wo?"

"Ìpolówó bàtà. Láàárín orúkọ ẹ̀gbọ́n mi àti orúkọ bàbá mi."

"Ìyẹn kì í ṣe èmi! Àwọn onípolówó ló ń fi í síbẹ̀ fúnra wọn. O mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Pa á rẹ́."

Ṣèyíọlá fi ọwọ́ ra ọrùn. "Òun ni èèyàn ń kà jù lọ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fa èrò wá sídìí àwọn tó kù. Ìpín tìrẹ wà níbẹ̀, mo ti yà á sọ́tọ̀. O lè fi tọ́jú Bàbá."

"Fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù."

"Orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀, Dómí. Má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ìwọ àti àwọn ará ìjọ rẹ lẹ ba tìrẹ jẹ́."

Dominic wò ó. Ó wo ẹnu tó ti jẹ ẹ̀bà Veronica títí tí àwo fi ń dán. Kò mọ ìgbà tí ẹnu náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Nígbà tó kú, ṣé o dì í lọ́wọ́ mú?"

"Kí lo ní?"

"Mo ní kí o dúró tì í. Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà ní ọsibítù."

"Níbi bẹ́ẹ̀dì?"

Ṣèyíọlá fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀. "Mo jáde díẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nínú wọ́ọ̀dù."

"Kí lò ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, nígbà tí kò tíì kú?"

"Dókítà ti ní kò dájú. Mo kàn ní kí n…"

Dominic bá a parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó ti ń kọ ọ́ níta, lábẹ́ igi, nígbà tí Veronica ń mí kẹ́yìn lójú àjèjì. Àìsàn ráńpẹ́. Ó gbẹ̀yìn fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù fún un ò ju kí nọ́ọ̀sì jáde wá mi orí.

Dominic ti mọ búlọ́ọ̀kù rí, ọwọ́ rẹ̀ le. Ṣèyíọlá rí ọwọ́ náà, ó fà sẹ́yìn. Ọwọ́ náà ò dìde.

"Máa lọ," Dominic ní. "Gbé búrẹ́dì rẹ."

"Àwọn àgbà ni mo gbé e wá fún."

"Gbé e."

Ó gbé e. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò gba iwájú.

Sáìtì náà wà níbẹ̀ títí di òní, ó ń lọ. Ẹlòmíì ló ń bá Ṣèyíọlá gun ọ̀kadà kiri. Àwọn ìdílé kan ṣì ń pe Dominic. Wọ́n á ní, "Ìwọ la mọ̀, ìwọ la fẹ́ sọ ọ́ fún." Á ní kí wọ́n má bínú, òun ti fi í sílẹ̀. Wọn á bèèrè bóyá kí àwọn fún Ṣèyíọlá. Á ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀." Á pa fóònù.

Lọ́sàn-án Àìkú tí wọ́n ṣe Máàsì ìrántí Veronica tán, àlejò lọ díẹ̀díẹ̀. Katikíìsì ló lọ kẹ́yìn. Bàbá ń sùn nínú yàrá, èémí rẹ̀ ń dún gba ojú fèrèsé. Àga rọ́bà tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìjọ wà káàkiri ìta, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Dominic pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wá àkísà. Ó dojú àga kan dé, ó nu ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó nu ìjókòó rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó mú òmíràn. Ó nù ún, ó tì í bọ inú ti àkọ́kọ́.